Omi dànù, agbè náà fọ́: bí Phnom Penh ṣe wá omi rẹ̀ tó sọnù rí

Bí ìkókó bá kú tí ìyá rẹ̀ sì yè, ohun tí àwọn àgbà fi ń ṣìpẹ̀ ni pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lọ́dún 1993, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣìpẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Omi ìlú Phnom Penh, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Kàǹbódíà. Omi ń dànù, agbè náà sì ti fọ́. Nínú gbogbo omi tí wọ́n ń fà lódò, tí wọ́n ń fọ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń tú sínú páìpù, ìdá 72 nínú 100 ni kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ omi ní orúkọ fún irú rẹ̀: omi tí kò mówó wọlé. Èyí tó ń jò sínú ilẹ̀ wà lára rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń jí fà wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí mítà tó ti gbó kò kà tán, tàbí tí akọ̀wé kò kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ojú mọ̀ wọ̀n ọ́n. Omi tí ilé ìfọmi wọn lè ṣe nígbà náà jẹ́ lítà mílíọ̀nù 65 lóòjọ́. Ìdá 72 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mílíọ̀nù 47. Tí a bá ní ká fi tánkà onílítà 10,000 kó o, irú èyí tó ń gbé omi kiri l'Ékòó, yóò gbà tó tánkà 4,680 lójúmọ́ kan. Gbogbo tánkà wọ̀nyẹn, bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdí wọn sílẹ̀ lójú títì ni, lójoojúmọ́, ní ìlú tí èèyàn ti ń ra omi nínú gálọ́ọ̀nù.

Ìlú yìí kan náà ni ìpàdánù omi rẹ̀ kò tó ìdá 10 nínú 100 mọ́ nígbà tó fi máa di 2006. Ìlú ńlá tó lówó lọ́wọ́ jù ú lọ fíìfíì wà ní Yúróòpù tí wọn kò tíì dé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń fi iye ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn wà lára ohun tó ṣe é. Ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ náà wọ ọ̀rọ̀ yìí, àti ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò fínnífínní.

Ìdí tí agbè fi fọ́ kò farasin. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1975, àwọn ọmọ ogun Khmer Rouge, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó gba ìjọba Kàǹbódíà, wọ Phnom Penh, wọ́n sì lé gbogbo ará ìlú lọ sí oko. Ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo títí di oṣù kìíní ọdún 1979. Ìjọba Khmer Rouge kò dá àwọn ọ̀mọ̀wé sí, àwọn tó mọ iṣẹ́ omi sì bá a lọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó mọ ibi tí páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀ mọ́, máàpù rẹ̀ sì ti di àwátì. Ẹni tó bá rí ilé tó ṣófo a wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá rí páìpù a lu ú láti fi fa tirẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ omi tó kù ń fi ohun tọ́wọ́ wọn bà gbá ẹ̀rọ àtijọ́ mú kó má baà dákẹ́ pátápátá.

Ní 1993, orúkọ 26,881 péré ló wà nínú ìwé àwọn oníbàárà wọn. Nínú ilé 100 tó ń lo omi, 13 ló ní mítà. Nínú owó 100 tí wọ́n bá bu fún àwọn èèyàn, 48 ló ń wọlé. Wákàtí 10 ni omi ń yọ lóòjọ́, agbára rẹ̀ kò sì ju kó gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 6 tàbí 7, tó fi hàn pé ẹni tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè rí i. Ohun tí àwọn èèyàn wá ń ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ ihò síwájú ilé, kí omi lè ṣàn wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ fà á wọlé. Ohun tó burú jù nínú èyí kì í ṣe ìnáwó. Bí omi bá dáwọ́ dúró nínú páìpù tó ti lu, ìdọ̀tí inú ilẹ̀ á gba ojú ibi tó ti ń jò yẹn wọlé, bó bá sì di ìgbà tí omi tún yọ, ó di ẹnu ọmọdé.

Ọdún yẹn ni wọ́n fi Ek Sonn Chan ṣe olórí Àjọ náà. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ omi, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó pàdánù ẹbí lọ́wọ́ Khmer Rouge. Ohun èlò àkọ́kọ́ tó lò ni bírò, ìwé àti ẹsẹ̀. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde, ó ní kí wọ́n máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n kọ ẹni tó ń lo omi, ibi tó ti ń fà á, bóyá mítà wà níbẹ̀ àbí kò sí. Iṣẹ́ oṣù gbọọrọ ni. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n rí i pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ inú ìwé kò ní ẹnu ẹ̀rọ níbì kankan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sì ń mu omi tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó kó orúkọ tó jóòótọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé owó omi jáde.

Mo ka àkójọ orúkọ yìí sí ohun tó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kò jọni lójú rárá. Ìdí ni pé ìṣirò ìpàdánù kò ju àyọkúrò kan lọ: iye omi tó jáde láti ilé ìfọmi, yọ iye tí àwọn èèyàn sanwó rẹ̀ kúrò. Bí èyí tí a fẹ́ yọ bá jẹ́ irọ́, irọ́ ni èsì, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà tó ṣe é mọ́ tó.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ orúkọ yẹn gan-an wà lára ìṣòro. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani: àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ náà ló ń lu páìpù fún àwọn olówó lóru, tí wọ́n ń gba owó ńlá sápò ara wọn. Ek Sonn Chan lé àwọn kan, ó gbé àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé dìde sípò, ó sì fi kún owó oṣù àwọn tó kù kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè fi iṣẹ́ jẹun. Ará ìlú tó bá tú àṣírí ẹni tó ń jí omi fà gba ẹ̀bùn. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ san owó ìtanràn tó wúwo. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ ìwà ni èyí, pé kò kan ẹ̀rọ. Ó kàn án gan-an. Mítà tí òṣìṣẹ́ lè yí nọ́ńbà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta.

Mítà náà wá kàn. Wọ́n ní gbogbo ilé ni yóò ní mítà, ilé ológun àti ọ́fíìsì ìjọba kò yọ. Ibẹ̀ ni ọ̀gágun kan ti kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí Ek Sonn Chan fúnra rẹ̀ bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀, ọkùnrin náà yọ ìbọn sí i. Ó padà. Ó tún wá pẹ̀lú àwọn ológun tó ń bójú tó òfin, wọ́n sì gé omi ilé náà. Ọ̀gágun náà gbà nígbẹ̀yìn, ó sanwó bí gbogbo èèyàn. Mo máa ń ronú nípa ọjọ́ yẹn bí mo bá ń ka ìwé tí wọ́n fi ń polówó mítà ìgbàlódé, èyí tó ń fi iye ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di 2001, gbogbo oníbàárà Phnom Penh ló ti ní mítà, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ sì jẹ́ mítà lásán tí òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ kà lójú rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, ìjọba fún Àjọ náà lómìnira láti máa ná owó tó bá pa. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi kún owó omi. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí: láìsí òmìnira yẹn, owó tí wọ́n bá tipasẹ̀ mítà rí ì bá ti gba ibòmíràn lọ, páìpù ì bá sì ṣì máa jò.

Páìpù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èèyàn á rò pé bí omi bá ṣe ń lágbára sí i nínú páìpù ni ìlú á ṣe máa láyọ̀ sí i. Páìpù tó ti gbó kò láyọ̀ o. Ihò kan náà tó ń ṣe tó-tó-tó nígbà tí omi ń wọ́ bí ejò a máa ya bí orísun nígbà tí agbára omi bá di ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ gbé omi láti ẹsẹ̀ bàtà 6 tàbí 7 dé bí ẹsẹ̀ bàtà 80, kó lè dé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìpààrọ̀ páìpù, gbogbo omi tuntun yẹn ni ilẹ̀ ì bá mu. Nítorí náà wọ́n hú irin àtijọ́ kúrò, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ibẹ̀, wọ́n sì rọ́pò rẹ̀ láti òpópónà kan sí èkejì, pẹ̀lú owó tí Japan, Faransé àti àwọn báǹkì ìdàgbàsókè yá wọn tàbí tí wọ́n fún wọn. Bí wọ́n ti ń tún un rì, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tó gbà, bó ti tóbi tó, ibi tí fáàfù wà. Àkọsílẹ̀ yẹn wá di máàpù inú kọ̀ǹpútà. Ìlú tó pàdánù máàpù rẹ̀ ní 1975 tún ní máàpù.

Nígbà tí nǹkan dé ibi yìí ni àwọn ará Kitakyushu ní Japan dé. Ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn onímọ̀ omi rẹ̀ lọ sí Phnom Penh ní 1999. Wọ́n bá wọn gé ìlú sí ẹkùn-ẹkùn, tó lé ní ogójì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sí ibi tí omi ti ń wọ ẹkùn kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń ka iye omi tó ń wọlé àti agbára tó fi ń wọlé, tó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ sí yàrá kan ṣoṣo. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ń wo gbogbo ìlú lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí onítọ̀hún ń wò, nítorí ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Kì í ṣe ọ̀sán ló ń wò jù. Lọ́sàn-án, gbogbo èèyàn ń fọṣọ, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń wẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó ń jò yàtọ̀ sí èyí tó wọ ìkòkò. Aago méjì sí mẹ́rin òru ni òtítọ́ máa ń hàn. Ká ní ẹkùn kan ní ilé 1,000, tí ẹ̀rọ sì kà á pé lítà 12,000 ló wọ ibẹ̀ láàárín wákàtí kan ní aago mẹ́ta òru. Àwọn tó jí tọ̀, tó jí mu omi, ká fún ilé kọ̀ọ̀kan ní lítà méjì: lítà 2,000 nìyẹn. Lítà 10,000 tó kù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀. Ilẹ̀ ló ń mu ún, tàbí ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bó bá ń jò bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀, tánkà 24 ni lójúmọ́, láti ẹkùn kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan hàn lójú títì.

Bí iye òru bá ti fò sókè ní ẹkùn kan, ibẹ̀ ni wọ́n ń rán àwọn òṣìṣẹ́ sí lóru ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ibòmíràn. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ọkọ̀ àti ọ̀kadà kò pariwo mọ́, páìpù tó ń jò sì ní ohùn. Wọ́n á gbé ọ̀pá irin lé fáàfù, wọ́n á fi etí lé orí rẹ̀, wọ́n á sì máa gbọ́ ṣììì tí omi ń ṣe. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n máa ń gbé sí ojú páìpù méjì. Ó ń gbọ́ ìró kan náà láti ìhà méjèèjì, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á sì wọn bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kó tó dé ìhà kejì lẹ́yìn tó ti dé ìhà kan, á wá sọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́. Kò sí àǹfààní nínú gbígbẹ́ títì ní ibi mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti rí i, àwọn tó ń tún páìpù ṣe wà nílẹ̀ tọ̀sán-tòru, àfojúsùn wọn sì ni kí wọ́n débẹ̀ láàárín wákàtí méjì.

Àwọn tó ń bójú tó ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àdéhùn pẹ̀lú Àjọ náà: bí ìpàdánù ẹkùn wọn bá wá sílẹ̀ ju iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, owó ń bẹ níbẹ̀ fún wọn. Ẹkùn ti wá ní ẹni tó ni ín, iye orí kọ̀ǹpútà sì ti di ohun tó kan oúnjẹ ọmọ ẹnì kan. Mo rò pé èyí ló fà á tí wọn kò fi jẹ́ kí ẹ̀rọ náà bàjẹ́ sílẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú nípa omi ìlú wa gbé yẹ̀ wò. Àdúgbò tí mo dàgbà sí n'Íbàdàn, òru ni omi ẹ̀rọ máa ń yọ, nígbà tó bá wù ú. A máa ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ kí a tó sùn, ká fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, ká máa tẹ́tí. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, iye omi aago mẹ́ta òru kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé ló jí, gbogbo tánkà ló ń kún, jíjò àti mímu ti dàpọ̀. Bí páìpù bá sì gbẹ lọ́sàn-án, kò sí ìró tí ọ̀pá irin lè gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn ẹkùn, sátẹ́láìtì tó ń wá ilẹ̀ tó rin láti òkè, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́gbọ́n, gbogbo wọn ń retí omi tó wà nínú páìpù tọ̀sán-tòru. Phnom Penh ti fi mítà, páìpù tuntun àti owó tó ń wọlé gbé omi wọn kúrò ní wákàtí 10, ó ń lọ sí 24, kí ojú kọ̀ǹpútà yẹn tó ní ohun tó ń sọ. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ra yàrá kọ̀ǹpútà ní 1993, àwòrán rúdurùdu ni wọn ì bá máa wò níbẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì sí mi nítorí pé ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà fún ìjọba tiwa ni yàrá yẹn. Lọ́dún 2019, ìṣirò kan jáde tó fi hàn pé omi tí àwọn ìlú ayé ń pàdánù báyìí lọ́dún kan tó lítà tírílíọ̀nù 126, àti pé owó tó bá a lọ tó bílíọ̀nù dọ́là 39. Ọjà ńlá ni fún ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló máa béèrè bóyá omi ń yọ ládùúgbò yín kí wọ́n tó gba owó.

Àwọn òǹkà 2006 nìyí. Ilé ìfọmi ti lè ṣe lítà mílíọ̀nù 235 lóòjọ́. Oníbàárà ti di nǹkan bí 147,000. Omi ń yọ wákàtí 24. Owó tí wọ́n bu ń wọlé tó 99.9 nínú 100. Nígbà tí òṣìṣẹ́ 22 ń bójú tó oníbàárà 1,000 ní 1993, òṣìṣẹ́ 4 ló ń ṣe é nígbà náà, omi sì ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn 90 nínú 100 ní ìlú. Ọdún yẹn ni Ek Sonn Chan gba ẹ̀bùn Ramon Magsaysay, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣe bẹbẹ ní Éṣíà. Ní 2010, Àjọ náà gba ẹ̀bùn omi ti Stockholm tó wà fún ilé-iṣẹ́.

Àwọn tálákà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́yìn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni omi tí wọ́n rí padà náà lọ. Kó tó di pé èyí ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń gbé nínú ahéré létí ìlú ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á kiri, bí a ṣe ń rà á lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ní iye tó ju ti ọlọ́rọ̀ tó ní ẹ̀rọ nínú ilé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àjọ náà dín owó tí èèyàn ń san kí wọ́n tó fa omi wọ ilé rẹ̀ kù fún wọn, láti ìdá 30 títí dé gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn sì ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àánú lásán. Àdúgbò tí kò ní ẹ̀rọ ni àdúgbò tí wọ́n ti ń lu páìpù jù; bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ti ní mítà tirẹ̀, iye òru ẹkùn yẹn á wálẹ̀.

Ní 2012, Àjọ Omi Phnom Penh ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ta ìpín rẹ̀ lọ́jà ìdókòwò Kàǹbódíà. Ọdún náà ni Ek Sonn Chan kúrò níbẹ̀ lọ sí iṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè náà. Ìlú kò dúró dè wọ́n. Ilé alájà gíga ń hù bí olú, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní àwọn àdúgbò kan, torí pé èèyàn pọ̀ ju ohun tí ilé ìfọmi lè ṣe lọ. Wọ́n tún ní láti kọ́ òmíràn. Èyí tó wà ní Bakheng bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ká ní 1993 ni wọ́n kọ́ Bakheng, nínú lítà 100 tó bá tú jáde, inú ilẹ̀ àti ọwọ́ olè ni 72 ì bá gbà lọ.